Pop, Soda tàbí Coke: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣírò Owó Ife Mínírà ní Ọgbà Ìgbafẹ́ Amẹ́ríkà

Gurnee jẹ́ ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Illinois, ní agbedeméjì Chicago àti Milwaukee. Ibẹ̀ ni ọgbà ìgbafẹ́ Six Flags Great America wà. Bí oòrùn oṣù Keje bá mú, ará Chicago àti ará Milwaukee á tò sórí ìlà kan náà níwájú ìsọ̀ kan náà. Ará Chicago á ní kí wọ́n bu “pop” fún òun. Ará Milwaukee tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á béèrè “soda”. Bí ẹni kẹta bá ti Georgia wá, ó lè ní “coke” lòun fẹ́, kí ará ilé rẹ̀ bi í pé “Coke wo?”, kó sì dáhùn pé Sprite ni. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wí, ìyẹn ohun tí Yorùbá ń pè ní mínírà tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Iye kan náà ni wọ́n máa san, iye ọ̀hún sì máa ń ga ju ti ilé epo tó wà níta ọgbà lọ fíìfíì.

Soda ni ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlà-oòrùn àríwá bíi New York àti New Jersey. Àwọn ará California àti gúúsù Florida náà ń lò ó. Pop ló gbilẹ̀ ní Ohio, Michigan àti Minnesota, ó dé Pittsburgh àti Buffalo, ó sì tún wà ní Oregon àti Washington lọ́hùn-ún. Gúúsù ni coke ti ń jọba: Georgia, Alabama, Mississippi, Texas. Nínú ìwádìí ẹ̀ka-èdè tí onímọ̀ èdè Bert Vaux ṣe ní Harvard ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, nǹkan bí èèyàn 53 nínú 100 ló mú soda, 25 mú pop, 12 sì mú coke. Ààlà àárín wọn kò tọ́. Nínú ìpínlẹ̀ Missouri kan ṣoṣo, soda ni wọ́n ń wí ní St. Louis, pop ni wọ́n ń wí ní Kansas City, ìlú méjèèjì ló sì ní ọgbà ìgbafẹ́ ńlá nítòsí wọn. Àwọn àgbà Boston tilẹ̀ máa ń pè é ní tonic, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ wọn ti ń gbàgbé.

Orúkọ kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ti ṣẹ̀. Soda jáde láti ara iyọ̀ sódà tí wọ́n fi ń ṣe omi oníhòó láyé àtijọ́. Pop ni ìró tí ìdérí igo máa ń dún bí wọ́n bá fà á yọ. Ní ti coke, Atlanta ni John Pemberton ti po Coca-Cola ní 1886, orúkọ ọjà ìlú wọn sì di orúkọ gbogbo ohun tó bá ń hó nínú igo. Ó gbilẹ̀ débi pé ará Texas, tó ni mínírà Dr Pepper tirẹ̀ láti ìlú Waco láti 1885, ń pe ìyẹn náà ní coke. Kò yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu. Ẹni tó rán ọmọ lọ ra Maggi kì í bá a jà bó bá gbé Knorr dé, Omo sì lorúkọ gbogbo ọṣẹ ẹlẹ́bú lẹ́nu ọ̀pọ̀ ìyá. Mínírà pàápàá, ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń pe omi oníhòó inú igo ní mineral water ni ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá lọ béèrè mineral ní Ohio, wọ́n á rò pé òkúta ló ń wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ orúkọ ti di ọ̀ràn òfin ni pé kò sẹ́ni tó lè bu Pepsi fún ẹni tó béèrè Coke kó sì dákẹ́. Láti 1945 ni “Coke” fúnra rẹ̀ ti wà nínú ìwé ìjọba gẹ́gẹ́ bí àmì ọjà ilé iṣẹ́ Coca-Cola, ilé iṣẹ́ náà kò sì fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un rárá. Ó máa ń rán èèyàn lọ ra Coke bí oníbàárà lásán, wọ́n á gbé ohun tí wọ́n rà lọ yẹ̀ wò, ó sì ti gbé àwọn tó ń fi nǹkan mìíràn dípò rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń tajà níbi tó jẹ́ Pepsi nìkan ni wọ́n ní fi máa ń kọ́kọ́ béèrè pé ṣé Pepsi kò burú. Ọgbà ìgbafẹ́ náà kì í kọ pop tàbí soda sára pátákó iye owó. “Fountain drink” ni wọ́n sábà máa ń kọ, ìyẹn mínírà tí wọ́n bù láti ẹnu ẹ̀rọ, wọ́n á sì ya àmì ilé iṣẹ́ tó ni ọtí náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń ní gbogbo ẹnu ẹ̀rọ tó wà nínú ọgbà kan. Àdéhùn ọlọ́dún gígùn ni. Ilé iṣẹ́ ọtí á gbé ẹ̀rọ wá, á máa tún un ṣe, á san owó ìpolówó, ọgbà náà á sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn orogún rẹ̀. Coca-Cola ló wà ní àwọn ọgbà Disney àti Six Flags. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ara agolo Coca-Cola ni èèyàn ti ń rí ẹ̀dínwó tíkẹ́ẹ̀tì Six Flags. Agolo tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù ló ń polówó ẹnubodè, ẹnubodè ló sì ń mú oníbàárà tuntun wá bá ẹ̀rọ.

Ohun tó wà nínú ife

Wọn kì í po ọtí ẹnu ẹ̀rọ dé láti ilé iṣẹ́. Nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ìsọ̀ ni wọ́n ń to àwọn páálí kan sí, àpò rọ́bà wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan. Àpò tó wọ́pọ̀ gba gálọ́ọ̀nù 5, bíi lítà 19, omi ṣúgà kíki tó ti ní adùn àti àwọ̀ nínú. Gáàsì CO₂, ìyẹn gáàsì tó ń mú mínírà hó, láti inú sílíńdà ló ń ti pọ́ọ̀ǹpù tó ń fa omi ṣúgà yìí gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ síwájú ìsọ̀. Omi ẹ̀rọ gba ọ̀nà tirẹ̀: ó kọ́kọ́ kọjá nínú asẹ́ tó ń yọ òórùn kilorínì kúrò, lẹ́yìn náà ó wọ inú táǹkì irin kékeré kan níbi tí wọ́n ti ń fi agbára ki gáàsì bọ̀ ọ́. Omi oníhòó àti omi ṣúgà á wá kọjá nínú àwọn páìpù tó lọ́ mọ́ra wọn nínú àwo irin tó wà lábẹ́ àpótí yìnyín, kí wọ́n lè tutù. Ẹnu ẹ̀rọ gan-an ni àwọn méjèèjì ti ń pàdé, ìwọ̀n omi 5 sí omi ṣúgà 1.

Èyí túmọ̀ sí pé páálí gálọ́ọ̀nù 5 kan á di gálọ́ọ̀nù 30 mínírà, ìyẹn áùnsì 3,840 (áùnsì kan jẹ́ bíi mílílítà 30). Ife áùnsì 20 tí yìnyín ti gba apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ lè má gbà ju áùnsì 12 mínírà lọ. Páálí kan á wá kún ife 320. Ká ní $100 ni páálí náà, omi ṣúgà inú ife kan jẹ́ nǹkan bíi sẹ́ǹtì 31. Ife, ìdérí àti sitirọ́ọ̀ lè gba díẹ̀ lórí ìyẹn. Gáàsì àti omi kò tó nǹkan. Bí wọ́n bá ta ife náà ní $5, ohun tí oníbàárà ń gbé sẹ́nu kò tó ìdá mẹ́wàá owó tó san.

Ọ̀pọ̀ gbà pé ahun ló ń mú kí wọ́n da yìnyín kún ife. Ó ń dín mínírà kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Gáàsì kì í dúró nínú omi tó gbóná. Bí rọ́bà bá gba abẹ́ oòrùn kọjá, tàbí tí yìnyín bá tán lórí àwo irin, fóòmù ni yóò kún ife, ohun tó bá kù lábẹ́ fóòmù náà kò ní ta lẹ́nu. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ fi máa ń da ohun tó kọ́kọ́ jáde láàárọ̀ nù.

Mínírà tí kò ta lẹ́nu láìsí fóòmù, sílíńdà ló sábà máa ń tán, tàbí kí pọ́ọ̀ǹpù tó ń ti omi sínú táǹkì gáàsì ti kú. Èyí tó dà bí omi lásán, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì, àpò ṣúgà ló ti ń gbẹ tàbí kí ìwọ̀n ti yẹ̀. Láti yẹ ìwọ̀n wò, wọ́n máa ń lo ife tí wọ́n fi ògiri pín sí méjì, omi á ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi ṣúgà sí èkejì; bí ojú wọn kò bá dọ́gba ní àmì tí wọ́n fà sí i, wọ́n á yí ìdè kékeré tó wà lẹ́yìn ẹnu ẹ̀rọ títí yóò fi bá ara mu. Èyí tí kò ní ṣúgà gidi tètè ń bàjẹ́ ju ìyókù lọ, nítorí aspartame, ìyẹn adùn àtọwọ́dá tí wọ́n fi dípò ṣúgà, máa ń fọ́ díẹ̀díẹ̀ bí páálí bá pẹ́ nílẹ̀, pàápàá nínú ooru. Ẹnu ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde lálaalẹ́, kí wọ́n rì í sínú omi kí wọ́n sì fọ̀ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó ń hu nǹkan. Èyí tó léwu jù ni gáàsì tó ń jò. CO₂ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń kún, ó sì lè pa ẹni tó wọ yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń kan aago ìkìlọ̀ rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri.

Ibi tí owó ń lọ

Ìyókù $5 yẹn kì í ṣe èrè nìkan. Ọ̀pọ̀ ọgbà tó wà níbi tí òtútù ti ń mú kì í ṣiṣẹ́ yípo ọdún. Cedar Point ní Sandusky, Ohio, máa ń ṣí ní oṣù Karùn-ún, ó sì máa ń tì nígbà tí oṣù Kẹwàá bá ń parí. Oṣù mélòó kan ló ní láti fi bọ́ ọdún kan. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn: ọ̀pọ̀ ọgbà kì í jẹ́ kí wọ́n gbé oúnjẹ wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Disney ń gbà á láyè. Ẹni tó bá ti wọlé, tí ọmọ mẹ́ta ń sunkún òùngbẹ ní abẹ́ oòrùn, kò ní padà sí ibi ìgbọ́kọ̀sí nítorí dọ́là 3.

Ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́. Nígbà tí Disneyland ṣí ní 1955, owó ẹnubodè lọ́tọ̀, owó eré kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Láti 1959 títí di 1982, tíkẹ́ẹ̀tì E ni wọ́n fi ń gun àwọn eré tó gbayì jù. Ní 1971, onímọ̀ ọrọ̀ ajé Walter Oi fi Disneyland ṣe àpẹẹrẹ ìbéèrè kan: ṣé kí owó ẹnubodè ga kí eré sì pọ́ọ́kú, àbí kí ẹnubodè rọrùn kí wọ́n gba owó nínú? Nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì eré kásẹ̀ ńlẹ̀, oúnjẹ àti mínírà ló jókòó sípò rẹ̀. Owó ẹnubodè ni àwọn èèyàn ń fi ọgbà kan wé òmíràn, ó sì ṣòro láti gbé e sókè. Kò sẹ́ni tó ń wo iye mínírà kó tó pinnu ibi tó ń lọ. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo ọdún kò ní sanwó kankan ní ẹnubodè lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Ohun tó bá rà nínú ọgbà nìkan ni wọ́n máa rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Holiday World, ní ìlú tó ń jẹ́ Santa Claus ní Indiana, yí ọ̀rọ̀ náà po ní ọdún 2000. Wọ́n ní mínírà di ọ̀fẹ́, kí olúkúlùkù bù ú bó ṣe wù ú, owó rẹ̀ sì wọ inú tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ti rí ìṣirò páálí lókè yìí á mọ̀ pé kì í ṣe ìwà sàráà. Sẹ́ǹtì díẹ̀ lórí ife ni, ẹni tí òùngbẹ kò gbẹ máa ń pẹ́ nínú ọgbà, ó sì máa ń jẹun. Orúkọ tí ọgbà kékeré yẹn ti gbà nítorí mínírà ọ̀fẹ́ ju ohun tí ìpolówó lè ràn án lọ́wọ́ lọ.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti àárín: ife ńlá tàbí okùn ọwọ́ tí èèyàn á sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí á sì máa fi bu mínírà ní gbogbo ọjọ́ náà tàbí gbogbo ọdún. Bí ife kan bá jẹ́ $5, tí ti ọjọ́ kan jẹ́ $18, ife kẹrin ni èrè ti bẹ̀rẹ̀. Ọgbà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ kò ní dé ibẹ̀, nítorí orí ìlà ni ọjọ́ ń lọ sí. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ni kí èèyàn márùn-ún máa fi okùn ẹnì kan bu ọtí, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi máa ń ní kí èèyàn dúró bí ìṣẹ́jú 10 tàbí 15 kó tó tún bu òmíràn. Àwọn ife tuntun ní ìkọ́ẹ̀rọ kékeré (chip) nísàlẹ̀ tí ẹ̀rọ ń kà, kò sì sí àrọwà tó lè mú kí ìṣẹ́jú yẹn yá.

Kí èèyàn tó sanwó, ó dára kó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìsọ̀ tó ní ẹ̀rọ mínírà máa ń fún èèyàn ní ife omi yìnyín lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá béèrè; ní àwọn ọgbà Disney, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Kó sì wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára okùn ọwọ́ náà dáadáa. Bó bá jẹ́ fountain drink ni wọ́n kọ, igo Coke tó wà nínú fíríjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kò sí nínú rẹ̀. Ará Georgia á ní coke ni méjèèjì, olówó ìsọ̀ á sì gba owó igo náà lọ́tọ̀.