Ṣé Lóòótọ́ Ni Eré Tán Lẹ́sẹ̀ Chris Johnson?

Bí orúkọ Chris Johnson, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ Tennessee Titans nígbà kan, bá ti jáde láàárín àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń dé akoto gbá, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi sọ pé: "Eré ló fi ń jẹun. Bí wọ́n ṣe fún un lówó tán báyìí, eré tán lẹ́sẹ̀ ẹ̀." Wọ́n ti sọ ọ́ títí, ó ti fẹ́ dà bí òótọ́. Ó kéré tán, títí di ìparí ọdún 2012, eré wà lẹ́sẹ̀ ọkùnrin yìí, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nínú fídíò fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Èyí tó tún burú nínú ọ̀rọ̀ náà ni èrò tó fara pamọ́ sábẹ́ ẹ̀: pé running back, ìyẹn ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ quarterback tó ń darí ìkọlù, tó sì ń gbé e sáré gba àárín àwọn alátakò kọjá, kò nílò nǹkan mìíràn ju ẹsẹ̀ tó yá lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀tọ́ ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Nígbà tó ń jáde ní East Carolina University lọ́dún 2008, ó lọ sí Combine ní Indianapolis, níbi tí líìgì NFL ti máa ń yẹ àwọn ọ̀dọ́ wò kí àwọn ikọ̀ tó yàn wọ́n. Ó sá 40 yáàdì, nǹkan bíi mítà 36 àti ààbọ̀, ní ìṣẹ́jú àáyá 4.24. Tennessee Titans mú un, òun ni ẹni kẹrìnlélógún tí wọ́n yàn lọ́dún náà. Títí John Ross fi sá a ní 4.22 lọ́dún 2017, kò sí ẹni tó bọ́ síwájú ẹ̀. Xavier Worthy tún wá sọ ọ́ di 4.21 lọ́dún 2024. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì yìí kì í ṣe running back. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n sáré jìnnà lọ gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù, ibẹ̀ gan-an sì ni irú eré bẹ́ẹ̀ ti wúlò jù.

Kí ni eré 40 yáàdì yìí ń wọ̀n gan-an? Ṣòkòtò péńpé ni olùsáré wọ̀. Kò dé akoto, kò wọ pádì sí èjìká, kò sí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lé e, ọ̀nà sì tọ́ gbọnrangandan níwájú ẹ̀. Wọn ò yìnbọn fún un: ìgbà tó bá wù ú ló máa gbéra. Ẹnìkan ló ń fọwọ́ tẹ aago nígbà tó bá rí i pé ó ti mira, iná ẹ̀rọ ló sì ń dá aago náà dúró ní òpin. Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà 100 àwọn eléré ìje, nítorí pé àkókò tí etí fi gbọ́ ìbọn kí ẹsẹ̀ tó gbéra wà nínú tiwọn. Lọ́dún 2019 ní Atlanta, Usain Bolt tó ti fẹ̀yìn tì wọ bàtà kánfáàsì, ó sá 40 yáàdì, wọ́n ní 4.22 ni. Ìyẹn ò sọ ọ́ di running back.

Ẹ wá wo ìṣirò. Ní sáà 2009, Johnson gbé bọ́ọ̀lù sáré nígbà 358, ó sì fi gba yáàdì 2,006. Tí a bá pín in, yáàdì 5.6 ló kan ìgbà kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ sáà tó dára jù láyé ẹ̀ nìyẹn o. Ẹni tó bá ń rí yáàdì mẹ́rin lé díẹ̀ ti ń ṣe dáadáa. Láàárín yáàdì márùn-ún, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì dé ibi tí eré ẹ̀ ti ń le jù. Ká ní ẹni tó sá 40 yáàdì ní 4.24 àti ẹni tó sá a ní 4.54 jọ gbéra. Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá dé òpin, ẹnì kejì á ku nǹkan bíi yáàdì méjì àti ààbọ̀ sí mẹ́ta sẹ́yìn. Ní yáàdì márùn-ún àkọ́kọ́, àlàfo àárín wọn ò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Apá alátakò tó nà jáde gùn ju ìyẹn lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín yáàdì márùn-ún yẹn ló yẹ kéèyàn wò. Nínú ìgbésẹ̀ tí wọ́n ń pè ní outside zone, running back máa ń dúró ní nǹkan bíi yáàdì méje sẹ́yìn ìlà tí ikọ̀ méjèèjì ti ń dojú kọra. Bí bọ́ọ̀lù bá ti gbéra, àwọn márùn-ún tó ń lànà níwájú á jọ gbẹ́sẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Òun náà á gba bọ́ọ̀lù, á dojú kọ ìta, ojú ẹ̀ á sì wà lára alátakò tó kẹ́yìn lórí ìlà. Bí wọ́n bá ti ti alátakò yẹn wọnú, ìta ni yóò gbà. Bí alátakò náà bá ń sáré jáde láti dí ìta, àárín òun àti ẹni tó tẹ̀ lé e ni yóò gbà. Bí ibẹ̀ náà bá dí, yóò yí padà gba ibi tí gbogbo wọn ti kúrò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbà á láyè láti yà: kó fi ẹsẹ̀ tó wà níta gúnlẹ̀, kó sì wọlé. Gbogbo ẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta.

Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ fún ẹlẹ́sẹ̀ yíyá ni pé ó máa ń tètè dé. Ihò ò tíì là, ẹ̀yìn ẹni tirẹ̀ ló lọ kọlù. Àwọn linebacker tó wà lẹ́yìn ìlà alátakò ò sì tíì sá tẹ̀ lé ẹ̀tàn lọ síta, torí náà wọ́n ṣì dúró síbi tó fẹ́ gbà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn: Le'Veon Bell sá 40 yáàdì ní 4.60, àmọ́ ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lẹ́yìn àwọn tó ń lànà fún un, bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò, kó tó yọ́ wọlé. Yáàdì 1,361 ló gbà fún Pittsburgh Steelers lọ́dún 2014.

Àṣìṣe kejì wọ́pọ̀ lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé. Gbogbo bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń fẹ́ gbé sá gba etí pápá, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ré àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kọjá. Ní NFL, linebacker tó wọn 230 pọ́ọ̀nù lè sáré dáadáa, ìlà etí pápá fúnra ẹ̀ sì dà bí alátakò kan tí kì í ṣubú. Pápá ò fẹ̀ ju yáàdì 53 lé díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lásán, ó ń sáré, kò sì lọ síwájú.

Tó bá jẹ́ eré nìkan ni, Dri Archer ì bá ti di ìlú mọ̀ ọ́n ká. Ní Combine ọdún 2014, 4.26 ló sá. Steelers mú un ní ìpele kẹta nígbà tí wọ́n ń yan àwọn ọ̀dọ́. Kí ọdún 2015 tó parí, wọ́n ti jẹ́ kó máa lọ. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Emmitt Smith, tí àwọn kan ń sọ lọ́dún 1990 pé ó lọ́ra jù, ó sì kéré jù. Yáàdì 18,355 ló kó jọ, títí dòní kò sí ẹni tó kọjá ẹ̀. Derrick Henry tó gba 2,027 lọ́dún 2020, 4.54 ni tiẹ̀ ní Combine, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọn 250 pọ́ọ̀nù. Jay Ajayi ńkọ́, ẹni tí orúkọ bàbá ẹ̀ ti sọ ibi tó ti ṣẹ̀, tí wọ́n bí ní London kó tó dèrò Amẹ́ríkà? 4.57 ló sá. Ẹ̀rù orúnkún ẹ̀ tún ń ba àwọn ikọ̀, ó di ìpele karùn-ún kí Miami Dolphins tó mú un lọ́dún 2015. Lọ́dún kejì, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gba ju 200 yáàdì lọ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Johnson fúnra ẹ̀. Ní September 20, 2009, nígbà tí Titans gbàlejò Houston Texans, ó sá 57 yáàdì wọ ilé alátakò ní òpin pápá, ó tún sá 91 wọlé. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kò sí alátakò kankan tó rántí lọ dúró tì í, wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí i, ó gbé e wọlé, ó di yáàdì 69. Titans ṣì pàdánù, 34 sí 31. Nígbà tó yá ní sáà náà, ó sá 89 lójú Jacksonville, ó sá 85 lójú Arizona. Irú eré báwọ̀nyí ló wà lọ́kàn àwọn èèyàn, kò sì sí ẹni tí kò ní wà lọ́kàn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yọ 91, 89 àti 85 kúrò nínú 2,006. Yáàdì 1,741 ló kù, nígbà 355. Yáàdì 4.9 ló ṣì kan ìgbà kọ̀ọ̀kan. Tí a bá fi ti bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sí i kún un, gbogbo ẹ̀ di 2,509, òun ló sì fi gba ipò ẹni tó kó yáàdì jọ jù ní sáà kan lọ́wọ́ Marshall Faulk tó ní 2,429 lọ́dún 1999.

Ta ló ń lànà? Michael Roos, Eugene Amano, Kevin Mawae, Jake Scott àti David Stewart. Mawae ló wà láàárín, òun ló ń gbé bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, òun náà ló ń ka àwọn alátakò tó sì ń ké sí àwọn tó kù nípa ẹni tí kálukú máa dí. Lọ́dún 2019 wọ́n gbà á sí Hall of Fame, ibi tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn akọni bọ́ọ̀lù náà. Alge Crumpler, igi ńlá ọkùnrin, wà ní ìpẹ̀kun ìlà. Nígbà tí sáà 2010 fi máa bẹ̀rẹ̀, Mawae àti Crumpler ò sí ní Titans mọ́. LenDale White tó máa ń bá Johnson pín iṣẹ́ náà ti lọ. Yáàdì tó ń rí nígbà kọ̀ọ̀kan já láti 5.6 sí 4.3, síbẹ̀ ó gba 1,364. Ẹ kíyè sí i pé owó tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ ò tíì dé nígbà náà.

Ìbẹ̀rẹ̀ September 2011 ló fọwọ́ sí àdéhùn ọdún mẹ́rin tó lé ní mílíọ̀nù 53 dọ́là. Kò lọ síbi ìgbaradì títí wọ́n fi dá a lóhùn, ó sì jẹ̀bi níbẹ̀ díẹ̀. Ìgbaradì ni running back fi ń mọ ìṣísẹ̀ àwọn tó ń lànà fún un, kóòṣì àgbà àti ẹni tó ń ṣètò ìkọlù sì tún jẹ́ tuntun lọ́dún yẹn. Yáàdì mẹ́rin péré ló rí nígbà kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 1,047. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ orin pé eré ti tán.

December 17, 2012, Titans àti New York Jets, ní Nashville. Yáàdì mẹ́fà péré ló kù lẹ́yìn Titans kó tó di ilé tiwọn. Johnson gba bọ́ọ̀lù, ihò là níwájú ẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó di yáàdì 94. Ẹni tí eré ti tán lẹ́sẹ̀ ẹ̀ kì í sá 94 kí ẹnikẹ́ni má bá a. Àmọ́ yáàdì 122 ni gbogbo ohun tó gbà lálẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo bọ́ọ̀lù yòókù tó gbé, tó tó ogún, 28 yáàdì péré ló fi rí. Ẹsẹ̀ kan náà ni, alẹ́ kan náà ni; ìgbà tí ihò là àti ìgbà tí kò là ló yàtọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe running back kan, ẹ má wo òun fúnra ẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá kọ́kọ́ gbéra. Ẹ wo ibi tí alátakò ti kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn ìlà tiẹ̀ ni wọ́n ti ń bá a lemọ́lemọ́, àwọn tó ń lànà ni kẹ́ ẹ bi. Tí ihò bá là, tó sì sá kọjá ẹ̀ lọ síta, ojú ẹ̀ ni kò ríran. Ìgbà tó bá já síta gbangba tí wọ́n wá lé e bá láti ẹ̀yìn nìkan la tó lè sọ̀rọ̀ eré.

Orúnkún ló padà ṣe Johnson. Ó fi orúnkún tó ya nínú gbá sáà 2013, ó sì tún gba 1,077, ọdún kẹfà léra nìyẹn tó ń kọjá 1,000. Titans jẹ́ kó lọ lọ́dún 2014. Ó gba 663 fún Jets lọ́dún náà, ó wá dé Arizona Cardinals lọ́dún 2015, ó pé ọmọ 30 ọdún. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mọ́kànlá péré, ó ti gba 814, ó wà lára àwọn tó ṣíwájú nínú líìgì, kí egungun abẹ́ orúnkún ẹ̀ tó fọ́ lójú San Francisco. Ọmọ tuntun kan tó ń jẹ́ David Johnson ló bọ́ sí ipò ẹ̀.