Párì kejì tí ó wà ní ọ̀fun ẹja moray

Ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ẹranko ń pè ní pharyngeal jaw ni párì kejì tí ó wà ní ọ̀fun ẹja, lẹ́yìn èyí tí gbogbo wa ń rí ní ẹnu rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti la orí epìyà tí ó rà ní ọjà Odò-Ògbè, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, yóò ti fọwọ́ kan eegun líle kan ní ọ̀fun rẹ̀ tí eyín wẹ́wẹ́ bò. Eegun náà ni epìyà fi ń lọ oúnjẹ kí ó tó gbé e mì, ṣùgbọ́n kì í kúrò ní ọ̀fun.

Ti moray yàtọ̀ pátápátá. Ẹja òkun ni moray, bí ó tilẹ̀ jọ ejò. Kò ní ìpẹ́, kò sì ní lẹbẹ ní ẹ̀gbẹ́ tàbí ní ikùn. Nǹkan bí 200 oríṣi ni ó wà nínú òkun tí omi rẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́, títí kan etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Oríṣi kan nínú wọn, Gymnothorax javanicus, tí ó ń gbé nínú òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì, lè gùn tó mítà 3. Ọ̀pọ̀ wọn a máa sá pamọ́ sínú ihò àpáta àti òkúta iyùn lọ́sàn-án, wọn a sì máa fi òórùn wá oúnjẹ lóru.

Ọ̀pọ̀ ẹja, àti àrọ̀ inú adágún wa pẹ̀lú, a máa la ẹnu lójijì kí omi lè ya wọlé pẹ̀lú oúnjẹ. Orí moray tóóró, kò sì lè fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, pàápàá nínú ihò. Nítorí náà, bí eyín iwájú bá ti di ẹja kan mú, àwọn iṣan gígùn a fa párì kejì láti ọ̀fun wá sí ẹnu, yóò gé ẹja náà mú, yóò sì wọ́ ọ lọ sí ọ̀nà ọ̀fun. Ní ọdún 2007 ni Rita Mehta àti Peter Wainwright, ti Yunifásítì California ní Davis, fi kámẹ́rà ayára-bí-àṣá ṣàfihàn rẹ̀, èyí tí a kò tíì rí lára ẹranko mìíràn tí ó ní eegun ẹ̀yìn rí.

Àwọn kan rò pé ìbínú ni moray fi ń la ẹnu, tí ó sì ń pa á dé léraléra. Mímí ni ó ń mí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń ti omi kọjá sí ibi tí ó fi ń mí. Ní ti ìjẹun, kò nílò omi láti gbé oúnjẹ mì, tó bẹ́ẹ̀ tí ìwádìí ọdún 2021 fi hàn pé oríṣi kan, Echidna nebulosa, lè jáde sórí ilẹ̀, kí ó mú oúnjẹ, kí ó sì gbé e mì níbẹ̀ kí ó tó padà sínú omi.