RNA tí kì í di pùrótéènì: pàǹtírí kọ́

DNA, àkọsílẹ̀ àjogúnbá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì wa, ló ń bí RNA, ẹ̀dà apá kan rẹ̀; RNA ló ń di pùrótéènì, èròjà tó ń ṣe iṣẹ́ ara. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ̀pọ̀ wa nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ìgbàgbọ́ òdì ti wọlé: pé RNA tí kò bá di pùrótéènì kò wúlò. Ní 1972, onímọ̀ nípa àjogúnbá, Susumu Ohno, pe apá tó pọ̀ jù nínú DNA wa, níbi tí irú RNA bẹ́ẹ̀ ti ń wá, ní pàǹtírí, orúkọ náà sì lẹ̀ típẹ́típẹ́. Àbí kí lẹ fẹ́ ká pè é, nígbà tí apá tó ń ṣe pùrótéènì kò tó 2 nínú 100?

Ojú ló tú àṣírí rẹ̀. Ìdílé kan wà ní Àríwá Ireland tí kọ́níà wọn, awọ tó mọ́ gaara níwájú ojú, ń fẹ́lẹ́ tí ó sì ń yọ ṣóńṣó síta, tí lẹ́ńsì ojú wọn sì ń fún kurukuru láti kékeré. Àwọn olùwádìí tọpa rẹ̀ dé kromosóòmù 15, ọ̀kan nínú àwọn okùn DNA wa. Jíìnì (apá DNA) tó ń ṣe pùrótéènì ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò níbẹ̀. Ọwọ́ ò bà á. Ní 2011, wọ́n kéde ẹni tí wọ́n ń wá: miR-184, RNA tí lẹ́tà rẹ̀ (àwọn èròjà kéékèèké tí wọ́n fi to RNA) fi díẹ̀ lé ní 20, tí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ yí padà.

Irú RNA kékeré bẹ́ẹ̀, adènà ni. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ RNA mìíràn tó fẹ́ di pùrótéènì, kó má bàa pọ̀ jù. Lẹ́tà díẹ̀ ló fi ń dá ẹni tó máa lẹ̀ mọ́ mọ̀, àárín wọn gan-an sì ni àyípadà náà bọ́ sí. Adènà mìíràn tún wà nínú kọ́níà, miR-205, tí òun àti miR-184 jọ ń du ibi kan náà lára RNA mìíràn. miR-184 tó bà jẹ́ kò lè du ibẹ̀ mọ́. (Ìwọ̀nba ìdílé ni wọ́n ti rí èyí o, ọ̀pọ̀ ẹni tí kọ́níà rẹ̀ ṣóńṣó kò ní in.)

Ní 2015, lẹ́tà kan tó yí padà nínú miR-204, RNA kékeré mìíràn, tún jẹ́wọ́: rẹ́tínà, awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ojú, ló ń bà jẹ́ nínú ìdílé kan.

Àmọ́ ìgbàgbọ́ òdì mìíràn ti ń rọ́pò ti àtijọ́: pé RNA yòówù tó bá pọ̀ sí i nínú ojú aláìsàn ló fa àìsàn náà. Rárá. Àìsàn fúnra rẹ̀ lè mú un pọ̀. Ti ìdílé wọ̀nyẹn yàtọ̀, nítorí àyípadà náà ti wà nínú DNA wọn kí ojú wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í bà jẹ́.