Ta Ló Ní Ìjọba Ò Mọ Ìyàwó Kejì?

Ẹni tó bá mọ ọjà àdìrẹ Ìtòkú l'Abẹ́òkúta mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í tán níbẹ̀. Òjò ló ká mi mọ́ ìsọ̀ àǹtí mi lọ́jọ́ kan. Oníbàárà ò sí, ni àwọn ìyá tó wà nítòsí bá gbé ọ̀rọ̀ ka iwájú: ṣé ó yẹ kí ìjọba ṣòfin tí yóò fọwọ́ sí i pé kí ọkùnrin ní ju ìyàwó kan lọ? Ọ̀kan ní kí wọ́n tètè ṣe é, kí aráyé yéé fojú pa ìyàwó kékeré rẹ́. Èkejì ní òun ò ní í ṣàmín sí irú àdúrà bẹ́ẹ̀ láéláé. Ìyá kan tó ń ká kámpálà rẹ̀ jọ kí òjò má baà fọ́n sí i ló wá pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́. "Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ìjọba ò mọ ìyàwó kejì. Ẹni tí ìwé kóòtù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló lọkọ. Àwa yòókù, àlè tó ṣèdána ni wá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Èmi ni mo kéré jù níbẹ̀, mi ò sì lè wo ojú àgbà kí n ní irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́. Bó bá jẹ́ pé àwàdà ìsọ̀ nìkan ló mọ, ǹ bá gbójú fò ó. Mo ti rí ìyálé tó kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú ilé tó bá ọkọ rẹ̀ ru búlọ́ọ̀kù kọ́, nítorí pé ìyàwó kékeré na ìwé kóòtù sí i lójú. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kọ́ ni ìyàwó.

Òfin Nàìjíríà mọ ìyàwó kejì. Ó mọ ẹ̀kẹta. Bí ọkùnrin bá fẹ́ mẹ́jọ nílànà ìbílẹ̀, tó ṣe ohun tó yẹ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìyàwó ni mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lójú òfin. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn ní Ìtòkú lọ́jọ́ náà ti ní ìdáhùn kí wọ́n tó bí ìyá àwọn ìyá wọn. Òfin kì í béèrè pé ìyàwó mélòó lo ní. Ohun tó ń béèrè ni pé: ìgbéyàwó wo lo kọ́kọ́ ṣe?

Ọ̀nà mẹ́ta la fi ń ṣègbéyàwó lọ́dọ̀ wa. Ìdána wà, èyí tí ẹbí méjèèjì fi ń so ara wọn pọ̀, tí alága ìdúró àti alága ìjókòó ti sọ di eré ọlọ́jọ́ gbọọrọ báyìí. Yìgì wà, èyí tí Ààfáà ń so. Ẹ̀kẹta ni ti òfin tí àwọn lọ́yà ń pè ní Marriage Act: ó lè jẹ́ ní rìjísírì ìjọba ìbílẹ̀, ó sì lè jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní láísẹ́ǹsì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lẹ orúkọ tọkọtaya síta fún ọjọ́ 21 kí ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ lè sọ ọ́. Ẹ̀kẹta yìí nìkan ló ní ọkọ kan, aya kan. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 pàápàá, níbi tó ti ka àwọn iṣẹ́ tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan, fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sí nọ́ńbà 61, ṣùgbọ́n ó yọ ti ìbílẹ̀ àti ti Ìsìláàmù sílẹ̀. Kò ní kí wọ́n má ṣe wọ́n. Ó kàn ní wọ́n kì í ṣe iṣẹ́ Àbújá.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé méjì.

Nínú ilé kìíní, ọkùnrin fẹ́ ìyálé ní ìdána. Ẹbí gbà, wọ́n gbowó orí, wọ́n gbàdúrà, wọ́n fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́. Wọn ò dé kóòtù. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá, ọkùnrin rí omidan kan, ó mú un lọ sí rìjísírì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n buwọ́ lùwé, wọ́n ya fọ́tò lẹ́nu géètì. Bí ìyá kámpálà bá ń dájọ́, omidan yìí ló lọkọ. Abala 33 nínú Marriage Act kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ìgbéyàwó kóòtù kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá ti ní ọkọ tàbí aya mìíràn nílànà ìbílẹ̀. Ìwé tí omidan náà dì mọ́ àyà kò ní agbára kankan. Ìyálé tí kò ní ìwé gan-an ni ìyàwó. Ọkùnrin náà tún ti rú òfin: abala 46 fi ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún síbẹ̀ fún un.

Nínú ilé kejì, kóòtù ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó ní láísẹ́ǹsì. Nígbà tó yá, ọkùnrin lọ ṣe ìdána lórí ẹlòmíràn, ó wọ agbádá, ó dọ̀bálẹ̀, gbogbo ẹbí jẹ, wọ́n mu. Níbí gan-an ni ìyàwó kejì kì í ti í ṣe ìyàwó lójú òfin. Abala 35 ní ẹni tó ti ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin yẹn kò lè fẹ́ ẹlòmíràn nílànà ìbílẹ̀ mọ́. Abala 47 fi ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún mìíràn síbẹ̀. (Kí n sọ òótọ́, abala yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ jí lójú oorun. Bó bá jí, mélòó nínú àwọn ọkùnrin tó ń jókòó ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò kù níbẹ̀?) Ìyá àwọn ọmọ ni wọ́n ń pe obìnrin náà, kì í sì í mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ òun fi rí bẹ́ẹ̀ títí ọkọ yóò fi kú. Àwọn ọmọ tó bí kò pín nínú ẹ̀bi yìí: ìwé òfin ní abala 42 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀nà tí wọ́n gbà bí ẹnikẹ́ni fi nǹkan dù ú.

Ẹ ò rí i? Ìyá kámpálà jàre nílé kejì, ó jẹ̀bi nílé kìíní. Ẹ sì gbọ́dọ̀ rántí pé abala 35 yìí kan náà ló sọ pé, yàtọ̀ sí èyí tí òun kà sílẹ̀, òfin náà kò fọwọ́ kan ìgbéyàwó kankan tí wọ́n bá ṣe nílànà ìbílẹ̀. Òfin tí gbogbo wa rò pé ó lé olórogún jáde, òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Ó wá kù ibi tí àṣìṣe yìí ti wá. Ẹ jẹ́ ká má fi bò: inú ṣọ́ọ̀ṣì ni, ìlú wa yìí sì mọ̀ nípa rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Ní 1843 ni Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nárì, kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta, Aké ni ìgbàgbọ́ sì ti gbilẹ̀ dé ibi tó dé. Ní 1888 àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà pàdé ní Lambeth nílùú London, wọ́n sì pinnu pé wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin oníyàwó púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè ṣe é fún àwọn ìyàwó rẹ̀ nígbà mìíràn. Ọkùnrin tó bá fẹ́ tẹ́bìlì Olúwa ní láti lé àwọn yòókù lọ. Ọ̀pọ̀ kò lè ṣe é. Ní 1917 ni àwọn kan tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì l'Ékòó yọ nítorí ìyàwó wọn dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ẹlẹ́jà. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìpinnu àkọ́kọ́, ní 1988, Lambeth kan náà yí ohùn padà: wọ́n ní oníyàwó púpọ̀ tó bá gbàgbọ́ lè ṣe ìrìbọmi pẹ̀lú àwọn aya àti ọmọ rẹ̀ tó gbàgbọ́, bó bá ṣèlérí pé òun ò ní í fẹ́ ẹlòmíràn mọ́ níwọ̀n ìgbà tí àwọn tó ní bá ṣì wà láàyè. Èèyàn mélòó ló gbọ́ ìyẹn lórí pẹpẹ?

Òfin ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo ìwọ̀nyí. Ohun tó da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lójú àwọn baba wa ni pé òfin ìgbéyàwó tòyìnbó tó kárí Nàìjíríà dé ní 1914, ọdún kan náà tí òmìnira Ẹ̀gbá parí. Ṣọ́ọ̀ṣì àti ìjọba sì ń lo ìwé kan náà, pẹpẹ kan náà, pẹ́ẹ̀nì kan náà. Ọmọ ìjọ tó gbọ́ pé "a ò mọ ìyàwó kejì" láti ẹnu pásítọ̀ kò ní ìdí kankan láti ronú pé gómìnà kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí tó wà láàárín wa kò ṣi ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ tó bẹ́ẹ̀: Kùránì fi ààlà sí mẹ́rin, ó sì ní ẹni tó bá bẹ̀rù pé òun ò ní í lè ṣe dọ́gbadọ́gba kó fi mọ sí ẹyọ kan.

Àmọ́ o, ẹ̀rín ìyá kámpálà yẹn ní ìrora nínú, mi ò sì fẹ́ fi òfin bo ìrora náà mọ́lẹ̀. Òfin mọ̀ ọ́ ní ìyàwó, òótọ́ ni. Kí ló wà nínú mímọ̀ náà?

Bí ọkọ bá kú láìṣe ìhágún, àwọn ọmọ ló ń jogún rẹ̀ lábẹ́ àṣà Yorùbá. Ìdí-igi ni àṣà àtayébáyé: iye ìyàwó tó bímọ ni wọ́n ń fi ogún pín sí. Bí àwọn olórí ẹbí bá rí i pé ìjà fẹ́ dé, wọ́n lè yí i sí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀. Ká ní bàbá fi yàrá mẹ́rìnlá sílẹ̀ ní Ìbarà, ìyálé bí ọmọ kan, ìyàwó kékeré bí mẹ́fà. Lórí ìdí-igi, ọmọ ìyálé yóò gba yàrá méje nìkan rẹ̀, àwọn mẹ́fà yóò máa dì mọ́ méje. Lórí orí-ò-jorí, méjì méjì ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹjọ́ tó sọ èyí di òfin ni ti Suberu Dawodu ará Èkó, ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án. (Dáwódù náà la sì ń pe àkọ́bí ọkùnrin tó ń jókòó lórí ogún. Orúkọ ń ro ni.) Adájọ́ àkọ́kọ́ rò pé ìdí-igi ti di àṣà ayé àtijọ́, kò sì bá ẹ̀tọ́ mu. Ẹjọ́ náà dé Privy Council ní London, ilé ẹjọ́ tí ẹjọ́ wa ń parí sí nígbà náà, àwọn yẹn sì dájọ́ ní 1962 pé ìdí-igi ṣì ni àṣà Yorùbá.

Ẹ wo ìṣirò yàrá yẹn dáadáa, kí ẹ sọ fún mi iye tó kan ìyálé àti ìyàwó fúnra wọn. Òfo. Ìyàwó kì í jogún ọkọ lábẹ́ àṣà wa, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì tún un sọ ní 1997. Lábẹ́ òfin, ìdí igi ni obìnrin, kì í ṣe èso. Ilé ẹjọ́ kan náà ti ń sọ̀rọ̀ líle lórí opó láti 2014, nígbà tí wọ́n bẹnu àtẹ́ lu àṣà kan nílẹ̀ Ìgbò tó fẹ́ lé opó jáde nílé nítorí pé kò bímọ ọkùnrin, ṣùgbọ́n ìdí-igi wa ṣì dúró.

Níbí ni ìjà tó tọ́ wà, lójú tèmi. Ní Gúúsù Áfíríkà, òfin 1998 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2000 ní kí ọkùnrin tó fẹ́ fi ìyàwó kún ìyàwó kọ́kọ́ lọ bá kóòtù, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí dúkìá yóò ṣe rí láàárín gbogbo wọn. Ní Kẹ́ńyà, òfin 2014 ní kí ìgbéyàwó ìbílẹ̀ pàápàá wọ ìwé ìjọba. Àwọn yẹn kò dúró lórí "ṣé a mọ̀ ọ́ tàbí a ò mọ̀ ọ́". Wọ́n béèrè ohun tó kàn án.

Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀rí ìdána ṣì wà lórí ahọ́n èèyàn. Bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, wọn yóò béèrè pé: ṣé ẹbí méjèèjì gbà, ṣé wọ́n gbowó orí, ta ló fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́? Jíjọ gbé pọ̀ fún ogún ọdún kò dípò èyíkéyìí nínú wọn. Ìwé ìtọrọ, fọ́tò àti àwọn tó jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ló máa ń sọ̀rọ̀.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún àǹtí mi nígbà tí òjò dá tí a ń rìn lọ sí Ṣápọ́n. Kò fèsì. Nígbà tí a délé, ó wọ yàrá, ó gbé álúbọ́ọ̀mù kan jáde, ó ṣí i síbi ìdána tirẹ̀. Ìyàwó kejì lòun náà, mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí títí di ọjọ́ yẹn.

"Ṣé èyí á jẹ́rìí?"

"Á jẹ́rìí, mà. Ṣùgbọ́n wọ́n á fẹ́ gbọ́ ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀."

Ó fi ìka tọ àwọn àgbà tó jókòó nínú fọ́tò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún, ètè rẹ̀ ń mì. Ó tún un kà.

"Méjì ló kù," ó ní. "Ọ̀kan kì í dá èèyàn mọ̀ mọ́."