Majdanek Ló Ṣáájú Auschwitz

Bí ọ̀rọ̀ àgọ́ ìṣẹ́niníṣẹ̀ẹ́ àwọn Násì, ìjọba Hitler ní Jámánì, tí wọ́n sọ di mùsíọ́mù bá délẹ̀, Auschwitz lẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ sí. Auschwitz ló gba òkìkí, Majdanek tó wà ní ìlú Lublin, ní Pólàndì, ló ṣáájú. Oṣù Kọkànlá ọdún 1944 ni wọ́n dá tibẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí Auschwitz fúnra rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn Násì.

Lójú tèmi, ìjọba kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ibi ìrántí ní Majdanek pàápàá. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni. Ní 1943, àwọn SS, ẹ̀ṣọ́ Násì tó ń ṣọ́ àgọ́, pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe àgọ́ náà lọ́ṣọ̀ọ́. Albin Maria Boniecki, agbẹ́gilére ará Pólàndì tí wọ́n tì mọ́bẹ̀, mọ ọwọ̀n kan, ó sì gbé ẹyẹ idì mẹ́ta lé e lórí. Idì ni àmì Jámánì, idì náà ni àmì Pólàndì; ta ni yóò wá bi í pé idì ti ta ló ń mọ? Ní bòókẹ́lẹ́, wọ́n kó eérú àwọn tí wọ́n sun níbẹ̀ sínú ọwọ̀n náà. Ọkùnrin yìí kan náà mọ ìjàpá kan tó ń wí fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n pé kí wọ́n máa rọra ṣiṣẹ́, kí wọ́n má yára. (Ìjàpá ò ní yé dọ́gbọ́n níbikíbi.) Ibi tí eérú òkú wà, tí àwọn tó kù láàyè mọ̀, tí wọ́n ń kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ni ká pè é bí kì í bá ṣe ibi ìrántí?

Àwọn kan á ní Buchenwald, àgọ́ Násì mìíràn ní Jámánì, ló kọ́kọ́ ní ibi ìrántí, torí ọwọ̀n onígi tí àwọn tó yè níbẹ̀ gbé dìde ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin 1945. Ó dáa, ṣùgbọ́n ti Boniecki ti wà ṣáájú.

Oṣù Keje 1944 ni àwọn ọmọ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì já wọ Lublin lójijì. Àwọn SS dáná sun ilé tí wọ́n ti ń sun òkú, wọn ò ráyè wó ìyókù: yàrá gáàsì ṣì wà, òkìtì bàtà àwọn tí wọ́n pa náà wà. Ìjọba tuntun tí Mọ́sko, olú ìlú Sófíẹ́ẹ̀tì, gbé kalẹ̀ ní Lublin fẹ́ ẹ̀rí tí wọn yóò fi han ayé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yára dá mùsíọ́mù sílẹ̀. Àwọn Sófíẹ́ẹ̀tì yìí kan náà sì ti àwọn ọmọ ogun abẹ́lẹ̀ Pólàndì tó ti bá Jámánì jà mọ́ inú àgọ́ yìí. Wọ́n kọ́kọ́ kéde pé mílíọ̀nù kan ààbọ̀ èèyàn ló kú síbẹ̀. Lónìí, iye tí mùsíọ́mù náà ń lò jẹ́ nǹkan bí 78,000, Júù ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Wọ́n ṣí mùsíọ́mù Auschwitz ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 1947. Tadeusz Wąsowicz, tó ti ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀, ni ọ̀gá àkọ́kọ́. UNESCO, àjọ àṣà àti ẹ̀kọ́ àgbáyé, fi Auschwitz sínú àkójọ àwọn ibi ogún àgbáyé ní 1979. Ní Dachau, àgọ́ Násì kan ní Jámánì, àwọn tí ogun lé kúrò nílé ń gbé inú àgọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó yè níbẹ̀ ló ń yọ ìjọba lẹ́nu títí tí ibi ìrántí fi ṣí ní 1965.