Àjẹsára tí a ń mí sínú

Àjẹsára tí a ń mí sínú ni èyí tí kì í gba ojú abẹ́rẹ́ wọ ara. Ọ̀nà tí èémí ń gbà ni ó ń bá wọlé. Oríṣi méjì ni, àwọn ènìyàn sì sábà máa ń dà wọ́n pọ̀. Èkíní ni èyí tí wọ́n ń kán tàbí fọ́n sí ihò imú, tí kì í kọjá imú àti ọ̀fun. Èkejì ni èyí tí ẹ̀rọ sọ di kùrukùru, tí ènìyàn yóò fi ẹnu fà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹ̀kán omi náà ṣe tóbi tó ló pààlà sáàárín wọn: èyí tí ó bá ju máíkírómítà 10 lọ (máíkírómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà), imú tàbí ọ̀fun ni yóò há sí; èyí tí kò bá tó 5 ló lè dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró.

Imú àti ọ̀fun ni fáírọ́ọ̀sì fúlúù àti ti kòrónà kọ́kọ́ ń bà sí. Abẹ́rẹ́ tí a gún sí apá máa ń mú kí èròjà agbógunti-àrùn tí wọ́n ń pè ní IgG pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ àìsàn líle àti ikú, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń jáde dé orí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ inú imú. Ìdí nìyí tí ẹni tó ti gba abẹ́rẹ́ kòrónà fi tún lè kó o, kí ó sì kó o ran ará ilé rẹ̀. IgA, oríṣi èròjà agbógunti-àrùn mìíràn, ló ń ṣọ́ orí awọ yẹn, àwọn sẹ́ẹ̀lì T kan, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà, sì wà tó jẹ́ pé inú ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ń gbé, tí wọn kì í bá ẹ̀jẹ̀ rìn káàkiri. Àwọn wọ̀nyí ni àjẹsára tí a ń mí sínú fẹ́ jí.

Èrò náà kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí 1980 sí 1983, Albert Sabin, ẹni tó ṣe àjẹsára rọpárọsẹ̀ tí a ń kán sẹ́nu, àti Jorge Fernández de Castro dán àjẹsára èèyi wò ní Mẹ́síkò gẹ́gẹ́ bíi kùrukùru. Láàárín 1988 sí 1990, ó lé ní mílíọ̀nù 3 ọmọ ilé-ìwé tó mí in sínú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi í wé abẹ́rẹ́ lára àwọn ọmọ ọwọ́ 2,004 ní Íńdíà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015, ìdá 85.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó mí in sínú ni ara wọn ṣe èròjà agbógunti-èèyi, ìdá 94.6 sì ni ti abẹ́rẹ́. Èèyi ń ràn ju kí ènìyàn fojú kéré àlàfo yẹn lọ.

Ti fúlúù ló tíì rìn jìnnà jù. Hassan Maassab ní Yunifásítì Michigan fi sùúrù tọ́ fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ títí ó fi mọ́ òtútù lára: ó ń dàgbà ní ìwọ̀n 25°C, nítorí náà ó lè gbé inú imú, ṣùgbọ́n ooru ẹ̀dọ̀fóró kò gbà á. Òun ni wọ́n fi ṣe FluMist tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2003. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn má lò ó fún sáà fúlúù méjì láti 2016 nítorí pé kò ṣiṣẹ́ tó, kí wọ́n tó dá a padà. Ní Bìrìtéènì, Fluenz ni orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń fọ́n ọn sí imú àwọn ọmọ ní ilé-ìwé. Àwọn òbí Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí níbẹ̀ mọ ẹjọ́ tó wà nídìí rẹ̀: gẹlatíìnì ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí náà wọ́n lè béèrè fún abẹ́rẹ́ dípò rẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án 2022, Ṣáínà fọwọ́ sí àjẹsára kòrónà ilé-iṣẹ́ CanSino gẹ́gẹ́ bí àfikún fún àwọn tó ti gba abẹ́rẹ́. Ife ni wọ́n ń fa kùrukùru rẹ̀ nínú, tí ènìyàn yóò sì sé èémí díẹ̀, mílílítà 0.1 péré ni, ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n abẹ́rẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà ni Íńdíà fọwọ́ sí iNCOVACC ti Bharat Biotech, ṣùgbọ́n kíkán símú ni tirẹ̀.

Imú kì í ṣe ibi tí a lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Àjẹsára fúlúù kan tí wọ́n ń fọ́n símú ní Swítsàlandì ní sáà 2000 sí 2001 mú kí ojú àwọn kan rọ lápá kan, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà. Májèlé bakitéríà tí wọ́n fi kún un láti ta ara jí ni wọ́n fura sí. Àwọn tí fáírọ́ọ̀sì alààyè wà nínú wọn, bíi FluMist, kò yẹ ẹni tí agbára ara rẹ̀ ti kéré gan-an. Ti wíwọ̀n tún wà níbẹ̀: fún IgA, kò tíì sí ìwọ̀n tí gbogbo onímọ̀ gbà pé bí ó bá ti pé nínú imú, ààbò dájú. Ẹni tó bá ṣe èyí tuntun, àfi kí ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jọ, kí ó sì máa ka iye àwọn tó ṣàìsàn.