Ìṣirò Lórí Dátà Tí A Tì Pa: Kí Ni Ṣíìpù Àkànṣe Wá Ṣe Níbẹ̀?

Bí a bá ń fi dátà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, a sábà máa ń fi kọ́kọ́rọ́ tì í pa kí ẹni tó bá já a gbà lójú ọ̀nà má baà rí i kà. Ṣùgbọ́n kí kọ̀ǹpútà náà tó lè ṣírò ohunkóhun lórí rẹ̀, dandan ni kó kọ́kọ́ ṣí i, àṣírí sì ti bọ́ sọ́wọ́ oníkọ̀ǹpútà nìyẹn. Homomorphic encryption ni orúkọ ọ̀nà ìtìpa tí kò béèrè ṣíṣí: kọ̀ǹpútà yóò ro dátà pọ̀, yóò sọ ọ́ di púpọ̀, bó ṣe wà ní títì, èsì náà yóò sì wà ní títì títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́.

Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà Rivest, Adleman àti Dertouzos ti dá àbá yìí ní ọdún 1978, ṣùgbọ́n ọdún 2009 ni Craig Gentry, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Stanford, tó fi hàn pé a lè ṣe irú ìṣirò yòówù báyìí. Àdàlù díẹ̀ tí a mọ̀ọ́mọ̀ pò mọ́ nọ́ńbà ni kì í jẹ́ kí àjèjì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àdàlù yìí a sì máa pọ̀ sí i bí ìṣirò bá ṣe ń gorí ara wọn, pàápàá ìsọdipúpọ̀, títí yóò fi bo èsì mọ́lẹ̀. Gentry rí ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà dín àdàlù náà kù láìṣí dátà. Bootstrapping ni wọ́n ń pè é, òun ló sì wúwo jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Dátà máa ń wú bí a bá ti tì í. Ẹyọ kan lè di ọ̀wọ́ nọ́ńbà méjì, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà 65,536, kí nọ́ńbà wọ̀nyí sì tóbi débi pé a ní láti gé wọn sí wẹ́wẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó lè gbá wọn mú. Lóòótọ́, a lè to ọ̀pọ̀ iye sínú ẹyọ kan ṣoṣo, síbẹ̀ ìṣirò náà ṣì lè falẹ̀ ju ti dátà ṣíṣí lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Nítorí èyí ni DARPA, àjọ ìwádìí ológun Amẹ́ríkà, fi gbé iṣẹ́ DPRIVE, ètò láti ṣe ṣíìpù àkànṣe tí yóò mú ìṣirò yìí yá, fún àwọn aṣeṣíìpù ní ọdún 2021, ọdún kan náà tí àwòrán F1, ṣíìpù kan fún irú iṣẹ́ yìí, jáde. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ lè rò pé ìsọdipúpọ̀ tó yá ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Kíkó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ ìsọdipúpọ̀ sójú kan kò le tó kí a máa rí dátà gbé dé ọ̀dọ̀ wọn lásìkò, nítorí pé ìrántí tó wà lẹ́yìn òde ṣíìpù ló ti ń bọ̀, àwọn kọ́kọ́rọ́ ìrànwọ́ tí bootstrapping ń lò sì tóbi ju dátà títì náà fúnra rẹ̀ lọ. Abájọ tí àwọn tó ṣe CraterLake, àwòrán irú ṣíìpù yìí mìíràn, ní ọdún 2022 fi ya ìrántí megabáìtì 256 sọ́tọ̀ nínú ṣíìpù gan-an. Àwòrán ṣì ni òun àti F1 o. Àfarawé lórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi díwọ̀n ìyára wọn.

Kí a má ṣe pò ṣíìpù àkànṣe yìí pọ̀ mọ́ ṣíìpù aláàbò tó ń ṣí dátà ní kọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó lè ṣí dátà kò sí lórí ṣíìpù àkànṣe náà rárá, nítorí náà ẹni tó bá tú u palẹ̀ kò ní bá àṣírí kankan níbẹ̀. Àmọ́ kò lè fi hàn pé ìṣirò tí a ní kí ó ṣe gan-an ló ṣe. Ẹ̀rí ti ìyẹn ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀.